Owú Tó Ń Béèrè Ẹrù

"Má fọwọ́ kàn án o! Àwẹ̀ró, mo ní má fọwọ́ kàn án!"

Bí Bàbá Làmídì ti ké báyìí ni Àwẹ̀ró fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ẹ́ gbá ẹ̀yinná mú. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ló dábùú ọ̀nà mọ́ wọn, ẹ̀rọ ràgàjì kan tó tó ilé ìdáná, tí ìgbálẹ̀ irin abẹ́ rẹ̀ ń pòyì fìrìfìrì lórí ọ̀dà àtijọ́. Ọ̀nà tí ọkọ̀ kankan kò gbà láti ìgbà Àkúnya Ńlá ló ń gbá. Ibi tó gbá lánàá ló tún ń gbá lónìí, ibẹ̀ náà ni yóò sì gbá lọ́la. Igbó wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì, ọmọlanke tí wọ́n ń tì bọ̀ kò sì rí àyè kọjá.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ pé àwọn tó rán an níṣẹ́ ti kú ni?" Àwẹ̀ró bi í.

"Bó mọ̀, bí kò mọ̀, òfin mọ̀ ọ́n. Irin ààyè tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró. Àbí o ti gbàgbé Oyètádé, tó ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí aya rẹ̀ tó ń rọbí lè ráyè kọjá? Oṣù mẹ́ta ló fi ń nu ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nílé Ìgbìmọ̀. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ bàbá rẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá. Oòrùn ni kò gbọ́."

Bàbá Làmídì gbójú sókè wo oòrùn. Oòrùn ti ń yẹ̀ lórí. Ọjọ́ keje nìyí tí owú àgbẹ̀dẹ Ògúnrìndé ti là sí méjì, owú tí bàbá Àwẹ̀ró lò, tí bàbá bàbá rẹ̀ lò, irin abẹ́ tí à ń gbé irin gbígbóná lé kí a tó lù ú. Bẹ́ẹ̀ rèé, àgbẹ̀dẹ tí kò bá dún fún ọjọ́ méje, Ìgbìmọ̀ á gba èéfín rẹ̀, ìyẹn àṣẹ àtidáná, fún ẹlòmíràn. Èéfín tí ayé lè gbà ò pọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń pín in, bí ìgbà tí ìyálé ń pín ẹran. Etí, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ sára òpó àgbẹ̀dẹ, tó rí bí ìdérí igbá tó lu jára, òun ló ń ka ìró òòlù. Bí oòrùn òní bá wọ̀ tí Etí kò gbọ́ nǹkan kan, omi yóò ya jáde látinú páìpù tí wọ́n fà sórí iná, iná tí wọn kò tíì pa láti ayé baba ńlá Àwẹ̀ró á sì di eérú tútù. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Gbogbo ìlú Agbọ́nmi ló ń retí ọkọ́.

Ẹ̀rọ náà gbálẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ díẹ̀. Àwẹ̀ró ti ọmọlanke gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, eré ló sì ń sá lọ.

"Rọra o!" Bàbá Làmídì ń tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Èmi tí mò ń fẹ́ ẹwìrì àgbẹ̀dẹ yín láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, ṣé o fẹ́ kí atẹ́gùn tán nínú tèmi ni?"

Itẹ́ Irin ni wọ́n ń lọ, àfonífojì kan tí omi kó gbogbo irin ayé àtijọ́ dà sí nígbà tó ń fà. Ẹni tó bá mọ irin ni ibẹ̀ ń fún ní nǹkan. Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n. Ojú tí àwọn obìnrin mìíràn fi ń wo aṣọ lórí àtẹ ló fi ń wo ìpáǹtí. Ó rí ewé irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù márùn-ún, ó kó wọn sínú ọmọlanke: ọkọ́ rere ni wọn. Ó rí ọ̀pá kan tó wọ́, ó jù ú nù. Ó padà lọ mú un, torí pé ó lè ṣe ọwọ́ ẹ̀mú. Ṣùgbọ́n kò rí irin tó ṣe é fi ṣe owú. Èyí tó le, ó fẹ́lẹ́. Èyí tó nípọn, òjò ti jẹ ẹ́ nínú bí ikán ti í jẹ igi. Ó yẹ òkìtì kan wò, ó yẹ òmíràn wò, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lórí ọ̀kankan. Gbogbo ìgbà ló ń bojú wo oòrùn.

"Bí a ò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ," ni Bàbá Làmídì wí. Ó ti jókòó sórí táyà kan. "Mú ìdí ẹ̀ńjìnnì yẹn, ká máa lọ."

"Òòlù mẹ́wàá ni yóò fi fọ́."

"Òòlù kan péré ni Etí fẹ́ gbọ́ lónìí."

"Tọ̀la ńkọ́?"

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni ojú rẹ̀ bá nǹkan kan lábẹ́ ìtàkùn. Orúnkún ni, orúnkún irin tó tóbi ju orí màlúù lọ, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń dán láìní ìpẹta kankan. Ó ṣán ìtàkùn. Itan yọ, àyà yọ, orí kékeré kan tí kò lẹ́nu yọ. Aláàárù onírin ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń ru ẹrù àti arúgbó gun òkè nígbà Àkúnya. Ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Ọkàn Àwẹ̀ró fò fẹ̀rẹ̀. Owú rèé! Ó mú ayùn irin jáde, ó fẹ́ gé e ní itan. Àmọ́ ọmọ Ògúnrìndé ni. Alágbẹ̀dẹ Agbọ́nmi kì í gé irin tí kò tíì kí. Ó gbé òòlù, ó kàn án lórúnkún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, *gán-ín, gán-ín, gán-ín*, ohùn rẹ̀ sì mọ́ geere, àfi bí omi àpáta. Ó wí bí bàbá rẹ̀ ti máa ń wí:

"Irin, mo kí ọ. Bí o bá sùn, sùn ire. Bí o bá jí, fọhùn."

"Ẹrù dà?" ni irin náà wí.

Bàbá Làmídì ṣubú kúrò lórí táyà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kí irin, kò sí èyí tó dáhùn rí. Àwẹ̀ró dúró gbagidi, òòlù lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú aláàárù náà.

"Ẹrù dà?" ó tún bi í. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó sáré dé tó sì bá ọjà tó ti tú.

"O kí i!" Bàbá Làmídì gbé ọwọ́ lórí. "Yé è! Ta ní ní kó o kí i? Òkú irin ló wà jẹ́jẹ́ rẹ̀, tiwa ni lábẹ́ òfin, o wá lọ kí i bí ẹni kí ìyàwó! Ó ti di ààyè báyìí. Ti Ìgbìmọ̀ ni. Ẹni tó bá sì gé irin ààyè, ẹ̀wọ̀n ni."

"Bàbá, bí mo ṣe bá a nílé nìyẹn."

"Ó yẹ kó o fi sílé!"

Bàbá Làmídì ronú, ó fà sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ò ní gbọ́. "Tẹ́tí sí mi. Mo mọ̀ wọ́n. Ní kékeré mi, ọ̀kan ló gbé ìyá mi kọjá omi. Ìtẹ̀sílẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ń rìn, tí ilẹ̀ ń lù wọ́n látẹ̀lẹ̀, ara wọn á máa gbóná. Bí wọ́n bá ṣubú, tí nǹkan ò lù wọ́n mọ́, oorun á gbé wọn. Òòlù mẹ́ta tó o lù ú ló jí i. Kò lè pẹ́ ju àkókò tí èèyàn fi ń jẹ iṣu sísun kan lọ. Ká jókòó. Ká jẹ àgbàdo wa. Bó bá ti dákẹ́, o yọ ọkàn rẹ̀, dígí kékeré yẹn ní ọrùn rẹ̀, bí a ti í yọ òróòro ẹja. Kò ní jí mọ́ láéláé. Ta ló rí wa?"

Àwẹ̀ró jókòó. Bàbá Làmídì fún un ní àgbàdo sísun kan, ó dì í mú, kò jẹ ẹ́.

"Ẹrù dà?"

Bàbá Làmídì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹrù... dà?"

Àwẹ̀ró dìde, ó tún jókòó. Ó ń fi ìka họ ibi tó jóná lára àgbàdo. Ó rántí àwọn ọkọ́ tí wọ́n ń dúró dè. Ó rántí bàbá rẹ̀ lójú ikú, tí kò dárúkọ ọmọ kankan, tó kàn ń bi í pé, "Iná ńkọ́?" Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irin ni, irin lásán. Ṣùgbọ́n ta ló ń kí nǹkan lásán?

"Ẹ... rù..."

"Ó ń lọ," Bàbá Làmídì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Kò jẹ àgbàdo tirẹ̀ náà. "Ó ku díẹ̀. Má wò ó."

Iná ojú aláàárù náà ti rọ̀ bí iná àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀. Kò wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ibi tí ó ti yẹ kí "dà" wà ni ẹyẹ kan ti ké nínú igbó.

Àwẹ̀ró ju àgbàdo sílẹ̀, ó gbé òòlù nílẹ̀, ó sì kàn án ní àtẹ́lẹsẹ̀, *gán-ín! gán-ín!* Ó ń lù ú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó ń jó.

"Àwẹ̀ró!"

"Mo ti kí i, Bàbá! A kì í kí èèyàn tán ká tún wá yọ ọkàn rẹ̀!"

"Iná bàbá rẹ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀!" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ wá bá mi wa ẹrẹ̀ yìí."

Ẹlòmíràn ì bá bínú lọ. Bàbá Làmídì bú u, ó bú ìran rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì káṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹrẹ̀. Bí Àwẹ̀ró ti ń lu àtẹ́lẹsẹ̀ ni iná ojú ẹ̀rọ náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó mi ara rẹ̀ gìrì, ó dìde, ó ga tó òrùlé, ìtàkùn ń jábọ́ lára rẹ̀. Ó tiro díẹ̀. Ó na apá méjèèjì síwájú.

"Ẹrù dà?"

Wọ́n wo ara wọn. Àwẹ̀ró gbé ọmọlanke pẹ̀lú gbogbo irin inú rẹ̀ lé e lápá kan. Apá kejì ṣì nà sílẹ̀, ó ń dúró.

"Ọ̀kan ṣẹ́kù," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì wo orúnkún Bàbá Làmídì tó ti wú.

"Èmi kọ́! Kò ní gbé mi! Èmi ọmọ ọkùnrin, kí ẹ̀rọ pọ̀n mí bí..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi bá ara rẹ̀ lókè, bí ọba lórí ẹṣin. Nígbà tí ẹ̀rọ náà gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó dákẹ́ ariwo. Nígbà tó gbé ogún, ó ní ìyá òun kò parọ́, ara wọn gbóná lóòótọ́, ó sì ń ṣe òun lára níre.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkàn rẹ̀ ń dà rú. Ilé ni ó ń mú un lọ, kí ni yóò wí nílé? Bí Etí bá gbọ́ ohùn irin tuntun, yóò béèrè òkú tàbí ààyè, pẹ̀lú ìbúra. Ìbúra alágbẹ̀dẹ kò sì ṣe é ṣeré: ahọ́n ni wọ́n ń fi kan irin. Irin tó bá gbọ́ irọ́ lẹ́nu alágbẹ̀dẹ, kò ní gbọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ láyé.

Ibi tó ti ń rò yìí ni wọ́n tún kan Gbálẹ̀gbálẹ̀. Ó dábùú ọ̀nà bí ti àárọ̀, ìgbálẹ̀ ń pòyì. Àwẹ̀ró dúró. Aláàárù kò dúró. Ó ń bọ̀ gbì, gbì, gbì, ọmọlanke lápá kan, bàbá arúgbó lápá kejì.

"Dá a dúró o!" ni Bàbá Làmídì ké lókè. "Àwọn méjèèjì fẹ́ẹ́ pa mí!"

Gbálẹ̀gbálẹ̀ dáwọ́ dúró. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ara ti igbó bí ọmọdé tó yà fún àgbà lọ́nà odò, aláàárù sì kọjá.

Àwẹ̀ró dúró lójú ọ̀nà, ẹnu yà á. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ń yà fún ẹni tó ru ẹrù. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí, ọmọ èèyàn náà ni wọ́n. A kì í dá ẹni tó ru ẹrù dúró lọ́nà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ eré, ṣùgbọ́n èrò kan ti wọ inú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n dé àgbẹ̀dẹ, oòrùn ti fara kan orí ọ̀pẹ. Etí ti ń sọ̀rọ̀ lára òpó, pẹ̀lú ohùn ìyàwó tuntun tó ń kúnlẹ̀ gbé omi fún àna: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ilé Ògúnrìndé. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó ẹrù yín kúrò nídìí iná, kó má baà rin."

"Ẹwìrì, Bàbá!"

"Mo ti wà níbẹ̀!"

Àgbà náà fẹ́ iná bí ẹni ogún ọdún. Èédú pọ́n, Àwẹ̀ró sì ti ewé irin ọkọ̀ akẹ́rù kan bọ àárín rẹ̀. Ó yíjú sí aláàárù tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ òrùlé.

"Ẹrù dà?"

"Kúnlẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí fún un. "Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ. Orúnkún rẹ ni mo fẹ́ gbé ẹrù lé. Ẹrù náà gbóná. Mo máa lù ú níbẹ̀. Bí o kò bá fẹ́, sọ ọ́."

Iná ojú ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ẹ ó máa lù ú dáadáa?"

"Títí apá mi á fi rọ."

Ó kúnlẹ̀, ilẹ̀ mì. Àwẹ̀ró fi ẹ̀mú yọ irin náà láàárín iná, ó pupa bí ojú oòrùn tó ń wọ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì gbé òòlù sókè. *Gán-ín!* Gbogbo Agbọ́nmi gbọ́. Àwọn èèyàn yọrí lójú fèrèsé. *Gán-ín! Gán-ín!*

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Etí wí. "Ohùn yìí kì í ṣe ohùn owú ilé yìí. Òkú irin ni, àbí ààyè? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ búra."

Ẹwìrì dákẹ́. Bàbá Làmídì kò wo Àwẹ̀ró, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwẹ̀ró mọ ohun tó ń rò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: òkú. Etí kò lójú.

Ó tẹ̀ ba, ó fi ahọ́n kan ọwọ́ ẹ̀mú. Ó korò.

"Ààyè ni," ló wí.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Irin ààyè gbọdọ̀ padà sílé Ìgbìmọ̀. Àwọn tó máa gbé e ti ń bọ̀."

"Wọn ò lè gbé e. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Etí bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: "Aláàárù, kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ru ẹrù."

"Ẹrù wo?"

"Ó gbóná," ni aláàárù dáhùn. "Wọn ò tíì ní kí n sọ̀ ọ́."

Oòrùn rá sẹ́yìn ọ̀pẹ. Páìpù orí iná kán omi kan, *tó*, sórí èédú, ó ṣe ṣàà. Gbogbo wọn wo páìpù náà. Omi kejì kò kán.

"A kì í dá ẹni tó ru ẹrù dúró," ni Etí wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti tẹ́lẹ̀. "Wọn yóò dé, wọn yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀, tàbí tí ohùn rẹ̀ bá dákẹ́, wọn á gbé e, àwa náà á sì tú omi. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Bàbá Làmídì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọmọ Ògúnrìndé! O gbà á lọ́wọ́ wọn!"

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọkọ́ àkọ́kọ́ lórí orúnkún náà. Ó ti tutù, ó yẹ kí ó gbé e kúrò. Ó na ẹ̀mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lọ́nà.

"Bàbá," ó wí, "bí mo bá gbé eléyìí, kí ló kù níbẹ̀?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àgbà náà. Ó wo yíká. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fẹsẹ̀ wọ́ lọ sí igun ilé, ó sì gbé ìlàjì owú Ògúnrìndé tó là, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró sáré ràn án lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lé itan aláàárù, níbi tí òòlù kò ní kàn, wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn.

"Ẹrù nìyí," ni Àwẹ̀ró sọ fún un. "Èyí kò ní kúrò."

"Ó wúwo," ni aláàárù wí.

"Mo mọ̀."

Kò béèrè ẹrù mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ àwọn tí Ìgbìmọ̀ rán dé, ó sì dúró. Bàbá Làmídì ti jókòó ti ẹwìrì, ojú rẹ̀ ti ń kún fún oorun. Àwẹ̀ró náà jókòó, òòlù lórí itan rẹ̀. Apá rẹ̀ ń ro ó títí dé èjìká. Etí ń tẹ́tí sí i. Òun náà ń tẹ́tí sí aláàárù. Iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwẹ̀ró dìde, ó ti ewé irin kejì bọ iná.